Bí ìlú bá dàrú lọ́la, ṣé inú igbó lẹ fẹ́ sá lọ? Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí ná!

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ará Èkó nígbàkigbà tí nǹkan bá fẹ́ le. Bí epo bẹntiróòlù bá wọ́n, bí wọ́n bá ń jà nítorí ìbò, bí sójà bá ń rìn káàkiri ojú títì, ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan á sọ nínú mọ́tò pé, "Èmi o, tó bá ti bẹ́ báyìí, abúlé ni mò ń lọ. Inú igbó tó wà lẹ́yìn oko bàbá mi ni mo máa wọ̀, kò sẹ́ni tó máa rí mi níbẹ̀." Àwọn èrò tó kù á rẹ́rìn-ín, kọ̀ńdọ́ á gba owó ẹ̀, kálukú á sọ̀ kalẹ̀ níbi tó ń lọ. Àmọ́ ẹ bi ẹni tó sọ̀rọ̀ yẹn léèrè pé ọ̀nà wo ló fẹ́ gbà, kí ló fẹ́ mú dání, ta ló ń dúró dè é lọ́hùn-ún, ẹ ó rí i pé kò ronú kàn án rí.

Ká má sọ pé àwa nìkan là ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Lámẹ́ríkà, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń fi ayé wọn ṣe ni kí wọ́n máa múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí gbogbo nǹkan máa dojú rú. Prepper ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n ti di báàgì kan sílẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn, omi, ọ̀bẹ, tọ́ọ̀ṣì àti oúnjẹ inú agolo tí wọ́n lè jẹ fún ọjọ́ mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, wọ́n sì ti mọ igbó tàbí òkè tí wọ́n máa wọ̀ lọ. Àwọn olówó àárín wọn ò tiẹ̀ fẹ́ ti igbó Amẹ́ríkà mọ́. Peter Thiel, ọ̀kan nínú àwọn tó dá PayPal sílẹ̀, gba ìwé ọmọ ìlú New Zealand lọ́dún 2011, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ 12 péré ló lò nílẹ̀ náà láàárín ọdún márùn-ún tó ṣáájú. Ìgbà tó di ọdún 2017 lọ̀rọ̀ ọ̀hún tó tú síta, làwọn ará ibẹ̀ bá figbe ta. Ó ti ra ilẹ̀ tó fẹ̀ tó hẹ́kítà 193 lẹ́bàá adágún Wanaka, ohun tí ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn sì ń sọ ni pé ibi ìsápamọ́ lọkùnrin náà ń wá. Lọ́dún 2022, káńsù ibẹ̀ sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ kọ́ ilé ńlá tó fẹ́ kọ́ síbẹ̀, wọ́n ní ó máa ba ẹwà ilẹ̀ náà jẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Olówó tó tó bẹ́ẹ̀, káńsù ló dá a dúró.

Àwa tí a ò ní bàálù ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ èrò ló máa lọ wọ̀ ní gáréèjì, tó bímọ mẹ́ta, tí ìyá rẹ̀ àgbà ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, tí owó oṣù rẹ̀ ò sì tíì wọlé? Ọ̀rọ̀ tiwa kì í ṣe ti inú sinimá o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó ṣojú ọ̀pọ̀ nínú wa.

Ọdún 1993 ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé wọ́n dìbò lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, pé Olóyè MKO Abíọ́lá ló ń wọlé bọ̀, àti pé Ọ̀gágun Ibrahim Babangida fagi lé ìbò ọ̀hún lọ́jọ́ kẹtàlélógún oṣù náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù keje, Èkó gbóná. Àwọn ọ̀dọ́ ń dáná sun táyà lójú títì, wọ́n dí ọ̀nà, àwọn sójà sì jáde sí wọn. Èèyàn tó lé ní 100 ni wọ́n ní ó kú ní Èkó nìkan. Àtìgbà yẹn lọkàn àwọn èèyàn ò ti balẹ̀ mọ́. Bí oṣù kẹjọ ṣe ń parí lọ, tí ọjọ́ tí Babangida ní òun máa kúrò níbẹ̀ ń sún mọ́lé, àhesọ gba ìgboro kan pé ogun ń bọ̀.

Báwọn èèyàn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù nìyẹn. Àwọn ọmọ Ìgbò ló pọ̀ jù nínú wọn, ẹ má sì bá wọn wí, ojú wọn ti rí i lọ́dún 1966 àti 1967, ẹni tí ejò bá sì ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Àmọ́ àwọn Yorùbá náà ń kó ọmọ ránṣẹ́ sílé, sí Ìjẹ̀bú, sí Èkìtì, sí Ọ̀yọ́. Gáréèjì kún dẹ́nu. Epo ò sí, owó ọkọ̀ ń fò sókè lójoojúmọ́, awakọ̀ tí kò rí oorun sùn ń wa ọkọ̀ tí wọ́n di ẹrù rẹpẹtẹ lé lórí. Àwọn tí kò délé pọ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ ló pa wọ́n, lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sá fún ikú. Ọsọ Abiola làwọn Ìgbò ń pe eré ọdún yẹn títí dòní, wọ́n á sì máa fi ṣẹ̀fẹ̀ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú sójú ọ̀nà ò ní bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ogun ọ̀hún ò sì dé. Babangida lọ lọ́jọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, Ernest Shonekan bọ́ síbẹ̀, Abacha sì lé e kúrò lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá. Wàhálà wà lóòótọ́, ìyà wà, àmọ́ ogun táwọn èèyàn tìtorí ẹ̀ sá, kò wá. Mi ò sọ pé àwọn tó sá gọ̀ o. Ta ló lè mọ̀ nígbà yẹn? Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà tí wọ́n gbà sá ló pa wọ́n.

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, ọdún 2002. Ìrọ̀lẹ́ ti ń lẹ́, àwọn kan ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń gbé oúnjẹ alẹ́ kaná. Iná ràn mọ́ ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà pa mọ́ sí ní bárékè sójà Ìkẹjà, ni bọ́ǹbù bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì. Ilẹ̀ ń mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ládùúgbò tó jìnnà sí bárékè, ojú ọ̀run pọ́n wẹ̀ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Àwọn kan ní sójà ti gbàjọba, àwọn kan ní ogun ti dé, àwọn mìíràn ní ayé ló ń parẹ́ lọ yẹn. Ni gbogbo èèyàn bá bẹ́ sí ìgboro, wọ́n ń sáré, ìyá ń pe ọmọ, ọmọ ń pe ìyá, ẹni tó wọ ẹ̀wù kan ṣoṣo ń sá, ẹni tí kò wọ bàtà ń sá.

Ọ̀pọ̀ wọn ló forí lé ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ní Òkè-Àfà, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lọ́ọ̀ọ́kán, lójú ẹni tí bọ́ǹbù ń lé, igbó nìyẹn, ibi ìsápamọ́ nìyẹn. Àmọ́ kanáàlì ńlá kan ló wà láàárín wọn àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Ewéko orí omi ti bo ojú ẹ̀ pátápátá, ilẹ̀ ti ṣú, ẹni tí kì í ṣe ará àdúgbò náà á rò pé pápá ni. Àwọn tó ṣáájú já sínú omi. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ń tì wọ́n lọ, wọ́n ń jábọ́ lé ara wọn lórí. Ìgbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́ lọ́jọ́ Ajé, òkú ni wọ́n ń fà jáde lómi, ọmọdé sì pọ̀ nínú wọn ju àgbà lọ. Gbogbo àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ yẹn lé ní ẹgbẹ̀rún kan, púpọ̀ nínú wọn ni bọ́ǹbù ò sì fọwọ́ kàn rárá. Àwọn òbí kan wà tí wọ́n fi ọjọ́ púpọ̀ wá ọmọ kiri, tí wọn ò rí i. Ohun ìrántí tí wọ́n kọ́ sí Òkè-Àfà wà níbẹ̀ títí di àsìkò yìí, ẹni tó bá ń gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ á máa rí i.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á sọ pé ti ìgboro nìyẹn, pé ẹni tó bá ti mọ igbó dáadáa kò ní ṣòro fún. Ẹ jẹ́ ká wá gbé ìtàn ẹni tó mọ igbó yẹ̀ wò. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, tó di bíṣọ́ọ̀bù lọ́dún 1864, ọmọ Òṣoògùn lápá Ìṣẹ́yìn ni. Lọ́dún 1821, nígbà tó wà ní ọmọ bí ọdún 12 tàbí 13, ogun ká wọn mọ́lé láàárọ̀, nígbà tí wọ́n ṣì ń se oúnjẹ òwúrọ̀ lọ́wọ́. Òun fúnra rẹ̀ kọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ sínú lẹ́tà kan lọ́dún 1837. Bàbá rẹ̀ sáré wá, ó ní kí wọ́n máa sá lọ, ó sì padà sójú ìjà. Àjàyí ò rí i mọ́ títí ayé. Ó ní àwọn obìnrin sá wọnú igbó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọ mẹ́ta, mẹ́rin, òmíràn tó mẹ́fà tí wọ́n dì mọ́ wọn lára, ẹrù sì tún wà lórí wọn. Ẹ̀gún inú igbó ń kọ́ ẹrù ọ̀hún, ó ń fà á bọ́ lórí wọn. Wọ́n da ẹrù nù, kí wọ́n ṣáà lè gbé ọmọ lọ, síbẹ̀ okùn igbó ń dì wọ́n lẹ́sẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń tú ara wọn sílẹ̀ làwọn ológun ti ń sọ okùn sí wọn lọ́rùn. Báyìí ni wọ́n ṣe mú Àjàyí àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀. Ọdún 1846 lòun àti ìyá rẹ̀ tó padà fojú kan ara wọn, ní Abẹ́òkúta.

Ẹ rántí o, ará oko làwọn èèyàn yẹn. Igbó yẹn ni wọ́n ti ń ṣẹ́gi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń já ewé. Bí igbó bá lè ṣe wọ́n bẹ́ẹ̀, kí ló fẹ́ ṣe akọ̀wé tó jẹ́ pé inú ọ́fíìsì tí ẹ̀rọ amúlétutù wà ló ń jókòó sí látàárọ̀?

Àmọ́ ká má tan ara wa, àwọn kan sá tí wọ́n sì là. Abẹ́òkúta tí mo dárúkọ yìí, sísá ló dá a sílẹ̀. Ogun ti fọ́ àwọn ìlú Ẹ̀gbá nínú igbó, lọ́dún 1830 ni wọ́n tẹ̀ lé Ṣódẹkẹ́ dé abẹ́ Olúmọ, wọ́n sì fara pa mọ́ sábẹ́ àpáta. Bákan náà làwọn ará Ìdànrè ṣe gbé orí òkè wọn fún ọdún gbọ́ọ́rọ́, ó di nǹkan bí ọdún 1920 sókè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá ti gun àtẹ̀gùn ibẹ̀ tó lé ní 600 rí á mọ̀ pé ogun tó bá gùn ún dé òkè, ó ti rẹ̀ ẹ́ tán. Kí wá ló mú kí tiwọn dáa? Wọn ò dá sá. Ìlú ni wọ́n kó lọ, pẹ̀lú olóyè wọn, ọdẹ wọn, àgbẹ̀ wọn, babaláwo wọn àti alágbẹ̀dẹ wọn. Títí dòní, ẹ lọ sí Abẹ́òkúta, Aké, Òkè-Ọ̀nà àti Gbágùúrá ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn, Òwu náà sì wà níbẹ̀. Èèyàn kan pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, tó ní òun nìkan fẹ́ lọ máa gbé nínú igbó bí àwọn òyìnbó inú sinimá, bàbá wa kankan ò ṣe irú ẹ̀ rí àfi ọdẹ, ọdẹ náà á sì padà wálé wá ta ẹran.

Nǹkan mìíràn tún wà tó yàtọ̀. Ẹni tó wà nínú igbó nígbà náà lọ́hùn-ún, ìwọ̀nba ẹranko àti ọdẹ ni. Lónìí ńkọ́? Olóyè Olú Fálaè, tó ti ṣe mínísítà ìnáwó rí, inú oko rẹ̀ nítòsí Àkúrẹ́ ni wọ́n ti jí i gbé lọ́jọ́ kọkànlélógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2015. Ọjọ́ tí bàbá yẹn pé ẹni ọdún 77 gan-an ni o. Àwọn tó mú un fi í sínú igbó fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Látìgbà náà, mélòó la fẹ́ kà? Torí igbó yìí náà ni àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ṣe dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ lóṣù kìíní, ọdún 2020. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni ò lè sun abà oko mọ́, ìgboro ni wọ́n ń sá wá. Ẹ wá fẹ́ gba ọ̀nà kan náà padà lọ pàdé ohun tí wọ́n ń sá fún. Bí àwọn ajínigbé ò bá tiẹ̀ rí yín, àwọn fijilanté àti ọdẹ máa rí yín, ẹni tí wọn ò bá sì mọ̀ nínú igbó lóru, wọn kì í kọ́kọ́ béèrè orúkọ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀yin mẹ́fà lẹ wà nílé. Omi tí ẹnì kan máa mu lójúmọ́ nínú oòrùn tiwa yìí, ẹ fi í sí líta mẹ́ta, a ò tíì sọ ti ìdáná, a ò sọ ti ìwẹ̀. Líta 18 nìyẹn lójúmọ́ kan. Ọ̀sẹ̀ kan, ó di 126. Kẹ́ẹ̀gì onílíta 25 márùn-ún ò tiẹ̀ gbà á tán. Kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ń wúwo tó kílò 25, ó tó ìdajì àpò símẹ́ńtì. Ta ló máa rù ú? Bí ẹ bá sì ní ẹ máa bu omi odò mu, ẹ gbọ́dọ̀ sè é kó hó dáadáa kẹ́ ẹ tó mu ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́lẹ́rà ló máa kọ́kọ́ kí yín káàbọ̀. Ẹni tó bá sì ń dáná nínú igbó, èéfín ẹ̀ ń pe àwọn tó ń sá fún nìyẹn.

Oúnjẹ ńkọ́? Àgbàdo tẹ́ ẹ bá gbìn lónìí, ó di bí oṣù mẹ́ta kẹ́ ẹ tó ya á. Iṣu lé ní oṣù mẹ́fà dáadáa. Ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ bá bá nínú oko olóko, irú kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ májèlé bí wọn ò bá rẹ ẹ́, kí wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹni tí ebi ń pa tó wú u tó sè é jẹ lójú ẹsẹ̀, ó lè má jí mọ́. Nígbà ogun Biafra, láti 1967 sí 1970, àwọn tó sá wọnú igbó rí ẹ̀gẹ́ jẹ, àmọ́ wọn ò rí ẹja, wọn ò rí ẹran, wọn ò rí ẹ̀wà tó. Ohun tó sọ àwọn ọmọdé wọn di oníkùn ńlá, ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, tí gbogbo ayé rí fọ́tò wọn nìyẹn. Iyọ̀ lásán di wúrà lọ́wọ́ wọn. Iyọ̀ tí ẹ ń dà nù lórí tábìlì yìí o.

Ká tún padà sórí ọ̀nà. Ọ̀nà ńláńlá tó jáde ní Èkó, ẹ fi ìka yín kà á: ti Ìbàdàn, ti Abẹ́òkúta tó gba Sángo, ti Ìkòròdú sí Ṣágámù, ti Ẹ̀pẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Òde, àti ti Àgbádárìgì. Ẹni tó wà ní Èrékùṣù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ọ̀nà gun afárá ná. Lálẹ́ Fúráìdé lásán, tí kò sí ogun, tí kò sí ọ̀tẹ̀, ẹ mọ wákàtí tẹ́ ẹ máa ń lò láti Bẹ́jà dé Kára. Lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2018, táńkà epo kan ṣoṣo ló ṣubú tó gbiná lórí afárá Otedola, mọ́tò tó lé ní 50 ló jóná, èèyàn mẹ́sàn-án ṣòfò. Táńkà kan péré nìyẹn o. Ní ọjọ́ tí gbogbo Èkó bá ní àwọn ń lọ, ojú ọ̀nà yẹn ni ọ̀pọ̀ máa sùn, wọ́n á sì jí síbẹ̀.

Owó náà tún wà. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023 nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó. Kò sógun, kò sí bọ́ǹbù, àmọ́ ẹni tó ní owó rẹpẹtẹ ní báńkì ò rí èyí tó máa fi wọ ọkọ̀. Àwọn oní-POS ń ta owó fún wa bíi ẹni ta ọjà, àgbàlagbà ń sùn sẹ́nu ọ̀nà báńkì. Bí ìlú bá dàrú tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì lọ, gbogbo owó tó wà nínú fóònù yín, àwòrán lásán ni.

Ibi témi ń bá ọ̀rọ̀ yìí lọ rèé. Nínú oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí wọ́n ti gbogbo ìlú pa nítorí Kòrónà, tí àwọn ọmọ ìta ń kọ lẹ́tà ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá jà wá lólè, kí làwọn ará Agége, Ìfàkò, Alágbàdo àti Sángo ṣe? Wọn ò sá. Wọ́n jáde sí ojúlé, wọ́n dáná táyà sí gbogbo oríta, tọmọdé tàgbà, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, Yorùbá, Haúsá, Ìgbò, kálukú mú igi àti àdá, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Ẹni tí kò kí aládùúgbò ẹ̀ fún ọdún márùn-ún mọ orúkọ ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn. Èéfín yẹn ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni, àwọn tí kò jalè náà sì jẹ ìyà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́nà níbì kan, àmọ́ lójú tèmi, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ilé ẹni, pẹ̀lú àwọn tó mọ̀ wá, dáa ju igbó tí a ò mọ̀ lọ. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n, wọn ò sọ pé arọ gbọ́dọ̀ sáré.

Bó bá wá di dandan kí ẹ kúrò, kí bọ́ǹbù máa dún tàbí kí iná máa jó bọ̀, ẹ má fi igbó ṣe ibi àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa lọ. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà ní apá ibòmíràn nínú ìlú, tàbí ní ìlú tó múlé ti Èkó, tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé lọ́jọ́ kan, ni ẹ kọ́kọ́ bá ṣàdéhùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ilé bàbá yín tó kàn, ìyẹn tẹ́ ẹ bá mọ ilé ọ̀hún o. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òkú nìkan ló ń gbé wọn délé, wọn kì í san owó ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọn kì í lọ sí ọdún, òrùlé ilé bàbá wọn ti ń jò láti ìgbà tí Abacha wà lóyè, kànga ibẹ̀ ti dí. Irú wọn á wá dé lóru ọjọ́ kan pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, wọ́n á ní àwọn ti dé. Ta ló fẹ́ fún wọn ní iṣu? Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sílé lónìí fún páànù méjì, ó ṣe é ṣe kó wúlò ju báàgì òyìnbó lọ.

Báàgì náà dáa ṣá, mi ò ní kẹ́ ẹ má dì í, àmọ́ ẹ dì í bí ọmọ Yorùbá. Ẹ̀dà àwọn ìwé ẹ̀rí àti ìwé ilẹ̀ nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá yín tó máa tó o lò fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ikú tó ń pa àgbàlagbà lójú ọ̀nà kì í ṣe ti ìbọn nìkan, tí ọmọ kan bá sì ní ikọ́ fée, ẹ má gbàgbé tiẹ̀. Owó náírà kéékèèké, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún nìkan, torí ọlọ́kadà ò ní fún yín ní ṣéńjì lọ́jọ́ yẹn. Gàrí, iyọ̀, ẹja gbígbẹ, ìṣáná, tọ́ọ̀ṣì. Rédíò kékeré tó ń lo bátìrì, kó má jẹ́ pé ẹnu ẹni tó ń sáré kọjá lẹ ti máa gbọ́ ohun tó ń lé yín. Bàtà pẹlẹbẹ tí kò ní bọ́ lẹ́sẹ̀. Ká tó parí ẹ̀, ẹ gbé báàgì yẹn kọ́ ẹ̀yìn, kẹ́ ẹ gbé ọmọ tó kéré jù dání, kẹ́ ẹ sì rìn láti ilé yín dé ojú títì ńlá. Ohun tó bá wúwo jù, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ rántí ẹ̀gún Òṣoògùn.

Kẹ́ ẹ sì wá ọ̀sán Sátidé kan kẹ́ ẹ fi rìn yí àdúgbò yín ká, ẹ̀yin àtàwọn ọmọ. Ibo ni kanáàlì wà? Ibo ni gọ́tà tí wọn ò bò wà? Géètì wo ni wọ́n máa ń tì ní aago mẹ́wàá alẹ́, ta ló sì ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀? Ẹ mú ibì kan tí gbogbo ilé á ti pàdé bí ọ̀nà bá yà. Ẹ má sọ pé fóònù wà o, lọ́jọ́ wàhálà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, bátìrì á tẹ̀ lé e.

Èyí tó kù ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè kọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ ní kíkún, orúkọ agbo ilé wọn, orúkọ ìlú wọn, àti nọ́ńbà fóònù ìyá rẹ̀, kó sì mọ̀ ọ́n lórí. Ó ṣáà ti mọ gbogbo orin tó wà lórí TikTok. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, kí wọ́n tó sùn.